Másà Ọpẹ́ fún Mọ́tò Tó Takú

Northampton, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 1988

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yìí, ẹ fọkàn rí mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, ẹ kú àárò mi. Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín kò tún wú? Ẹ bá mi kí Nímọ́tà tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ sọ fún un pé kó má fo ibì kankan o, mo mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Wọ́n ti gbé mi sórí mọ́tò eré! Nígbà tí Ọ̀gá Hálò, òyìnbó yẹn tó tún ní mọ́tò eré, mú mi kúrò ní Tamale lẹ́yìn tí wọ́n parí ọ̀nà tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀, mekáníìkì ló ní kí n wá ṣe. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni. Nísinsìnyí, èmi ni mo ń wà á. Iṣẹ́ gidi ni o, Ìyá. Wọ́n ń sanwó oṣù fún mi, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ bàbá mi sára mọ́tò náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Nídìí iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń ṣe àkọsílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà kọ̀ọ̀kan: eré tó bẹ̀rẹ̀, eré tó sá dé òpin, ipò tó gbà. Àkọsílẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀gá máa ń wò kí wọ́n tó gba èèyàn. Mo ti sáré mẹ́ta báyìí, mi ò tíì dé òpin ẹyọ kan. Ní àkọ́kọ́, jíà há. Ní ìkejì, omi inú ẹ́ńjìnnì hó dànù. Ní ìkẹta, táyà ẹ̀yìn bẹ́, mo sì yọ̀ lọ sínú koríko.

Ọdún méjì ni ìwé àdéhùn mi. Tí mi ò bá sá eré kan dópin kó tó tán, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò mi, ìwé ìgbélùú mi á sì bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Alfa Àbdùsàlámì. Ẹ ní kí wọ́n bá wa bẹ Ọlọ́run kí mọ́tò yìí máa rìn. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni ọmọ yín tí òtútù ti sọ di ẹ̀kọ àná,
Sùfíyánù

*

Moshie Zongo, Tamale, Ghana
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹjọ, 1988

Sùfíyánù Àkànbí, ọmọ Mọ̀múdù,

Àbúrò rẹ Nímọ́tà ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Láti Kalpohin ló ti wá, lórí máṣíìnì ọkọ rẹ̀, nínú òjò, kí o lè mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ. A ti ṣe Iléyá tán láìsí ìwọ. Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀, ó ń wú, ó ń rọ. Ọjà kò burú. Ní àsìkò òjò báyìí, àwọn èèyàn kì í ra bútà púpọ̀, bíi pé òjò ló ń bá wọn ṣe àlùwàlá.

Nígbà tí Nímọ́tà kà á débi tí jíà ti há, mo ní Alhamdulilahi. Ó kà á débi tí omi ti hó dànù, mo tún ní Alhamdulilahi. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Lọ́jọ́ kejì, mo rẹ ìrẹsì, mo lọ̀ ọ́, mo yan másà kún àwo ńlá méjì, mo gbé e lọ síwájú mọ́sálásí, mo fi ṣe sàrá. Ọmọ mi wọ inú mọ́tò ikú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Bí n kò bá dúpẹ́ ìyẹn, kí ni mo fẹ́ dúpẹ́?

Àbí o ti gbàgbé ni? Ọ̀nà Kintampo ni wọ́n ti gbé òkú bàbá rẹ wá fún mi. Iṣu ló kó, ó ń sáré kó lè bá ọjà Kumasi. Ká ní mọ́tò yẹn takú ní Buipe kó tó débẹ̀ ni, ì bá wà níbí lónìí, ì bá máa bú mi pé ọbẹ̀ mi kò níyọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni mo ti di Ọlọ́run mú. Mo ní mọ́tò yòówù tí ọmọ mi bá jókòó sí, kó takú sọ́nà kó tó débi ikú. Àdúà tí mò ń ṣe lórí rẹ nìyẹn, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní í yí i padà.

Bàbá rẹ tilẹ̀ ń gbé iṣu. Ìwọ ńkọ́? Nímọ́tà ṣàlàyé fún mi pé ẹ kàn ń yí po lójú kan ni, tẹ́ ẹ bá sá a tán, ibi tẹ́ ẹ ti gbéra náà lẹ ó padà sí. Haba! Kò sérò, kò sẹ́rù, kò síbi tí mọ́tò ń lọ. Ṣé nítorí èyí lo ṣe sá kúrò nílé bàbá rẹ?

Wálé. Bàtà rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ, Wúlẹ̀mọ̀tù oníbútà

*

Northampton
Ogúnjọ́, Oṣù Kọkànlá, 1988

Ìyá mi,

Mo kí yín. Inú mi kò dùn, ẹ má bínú pé mo fi ìyẹn ṣáájú.

Eré ọdún yìí ti parí. Ìwé wọn ti jáde, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá: ó bẹ̀rẹ̀ eré mẹ́jọ, ó dé òpin òdo. Ní Oṣù Kẹjọ, wáyà iná jó. Ní Oṣù Kẹsàn-án, Ìyá, ipò kẹta ni mo wà! Ìyípo méjì péré ló kù. Mo ti ń rí ọkùnrin tó mú àsíá ìparí lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo jókòó sínú koríko, àwọn yòókù ń kọjá lára mi, wìì, wìì. Mo sọ ọ́ síta nínú akoto tí mo dé pé, "Ìyá mi nìyẹn."

Wọ́n ní àdúà ìyá kì í nílẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ ń di ọwọ́ mọ́tò mi mú.

Ọ̀kan tún wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ kírun Jímọ́ọ̀ ní London, mo bá Tìjání pàdé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ ilé-kéwú, tó wá ra páàtì mọ́tò. Ó dì mọ́ mi, ó pariwo níwájú gbogbo èèyàn pé, "Sarki! Ọba eré!" Ó ní gbogbo Moshie Zongo ló mọ̀ pé èmi ni mò ń gbapò kìn-ín-ní, pé gbogbo ìgbà tí lẹ́tà mi bá dé ni ìyá mi máa ń yan másà ọpẹ́. Ó béèrè iye kọ́ọ̀pù tí mo ti gbà. Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní wọ́n wà nílé. Ìyá, kí lẹ sọ fún àwọn èèyàn yẹn?

Tí mo bá wálé báyìí, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹ ti ilẹ̀kùn ibí mọ́ mi, ẹ tún ti tilé mọ́ mi.

Sùfíyánù

*

Moshie Zongo, Tamale
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 1989

Àkànbí,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́nà, èmi náà sì mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó fèsì. Mi ò fẹ́ fi ẹnu tó ń jó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè gbogbo wa ló ti là. Ṣé o ní aṣọ tó nípọn?

Gbọ́ o. Èmi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Másà ni mo yan. Ṣé o ti gbàgbé àwọn èèyàn rẹ ni? Tí lẹ́tà bá ti ìlú òyìnbó dé, tí ìyá ọmọ sì yan másà lọ́jọ́ kejì, kí ni kí aráàlú rò? Wọ́n bi mí pé, "Ìyá oníbútà, Sùfíyánù ti borí nù-un?" Másà wà lẹ́nu wọn, ọpẹ́ wà lẹ́nu tèmi, mo ní, "A dúpẹ́." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà mìíràn dé, mo yan òmíràn. Ìmáàmù dárúkọ rẹ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Osman tó ń wa mọ́tò akérò ní ibùdókọ̀ wá fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, "Sufiyanu Sarki." Mọ́tò náà kò ní bíréèkì kan gidi, orúkọ rẹ ló fi ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yà fún un lójú pópó.

Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró láàárín ọjà kí n kéde pé nítorí pé mọ́tò ọmọ mi bàjẹ́ ni mo ṣe ń ṣe sàrá? Wọ́n á ní àjẹ́ ni mí. Wọ́n á ní irú ìyá wo rèé. Èmi náà há síbí, Sùfíyánù, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí mi kú oríire, mo sì ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n àdúà mi kò yí. Tí o bá fẹ́ wálé, wá bí o ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ á fi yọ.

Ìyá rẹ

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Nímọ́tà ni mo fi èyí kún un, Ìyá wa ò mọ̀. Yàrá yín ni wọ́n ń sùn báyìí, láàárín àwọn bútà. Ẹ má fi ìbínú kọ̀wé sí wọn mọ́.

*

Moshie Zongo, Tamale
Ogúnjọ́, Oṣù Karùn-ún, 1989

Sùfíyánù,

A ti gbààwẹ̀ tán, a ti túnu, èsì rẹ kò dé. Ṣé ìbínú ni àbí àìsàn? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, bú mi, kí n gbọ́ ohùn rẹ. Tó bá jẹ́ mọ́tò yẹn ni, kí ẹlòmíì kọ ọ́ sí mi.

Ìyá rẹ

*

Northampton
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 1989

Ìyá mi,

Ẹ foríjì mí. Ara mi yá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń ya á, torí kò sí ìròyìn tí mo lè fi sínú rẹ̀. Mọ́tò ṣì ń takú. Èyí tó kọjá yìí, a kò tilẹ̀ tíì gbéra dáadáa.

Òkè ibi iṣẹ́ ni mò ń gbé. Òórùn epo ni mo fi ń sùn, òun náà ni mo fi ń jí. Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mìíràn, méjì nínú wọn sì pè mí. Wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ mi, wọ́n rí òdo yẹn, wọ́n fún mi ní tíì mu, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Hálò kò bú mi. Ó kàn ti dẹ́kun àtimáa wò mí lójú ni, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Tí mo bá ronú ilé, mo rí mọ́tò Osman. Tamale tí mo mọ̀ kò sí mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ń retí ẹnì kan tí kì í ṣe èmi.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ rántí ohun tí Ìyá Àgbà máa ń ṣe tí wọ́n bá ti fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ọmọ. Wọ́n á bu omi tútù sẹ́nu, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yọ́nú sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì kúrò lọ́rùn ọmọ. Ẹ bá mi ṣe é. Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹwàá ni eré tí yóò kẹ́yìn nínú àdéhùn mi.

Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ sá dópin. Tó bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ mi, tí mo ti ní ohun kan tí mo lè sọ láìparọ́, mà á palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ kò ní í bá mi níbí. Pẹ̀lú yín ni mà á ti jẹ sààrì.

Ọmọ yín,
Sùfíyánù

*

Moshie Zongo, Tamale
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 1989

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ wúwo lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lọ bá Alfa Àbdùsàlámì, mo bi wọ́n bóyá èèyàn lè gba àdúà padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń dá ọjà padà fún, pé kí n kàn lọ tọrọ òmíràn.

Mo mú bútà tuntun kan lórí àtẹ mi, aláwọ̀ ewé, mo bu omi àmù sí i. Nígbà tí mo kírun Àsùbáà tán, mi ò dìde. Mo kọjú sí Kíbúlà, mo bu omi sẹ́nu. Sùfíyánù, omi yẹn pẹ́ lẹ́nu mi. Bàbá rẹ ni mo ń rí, bí wọ́n ṣe gbé e wọlé tí iyẹ̀pẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nímọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí òun rí tó ń sunkún sí.

Mo tú u sílẹ̀. Mo ní mo yọ́nú sí ọ, mo fi ọmú tí o mu yọ́nú sí ọ. Mo ní kí mọ́tò yẹn máa rìn. Kó rìn dé òpin, kó sì gbé ọ padà wá fún mi. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wà níbẹ̀ o, mi ò sọ ti ìṣáájú láìsọ ọ́.

Mo ti kó bútà kúrò ní yàrá rẹ, mo ti gbá a. Mo ra àgbò kékeré kan, ó wà ní ìdí igi dóńgóyárò. Á ti tóbi kí o tó dé.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ

*

Northampton
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 1989

Ìyá mi! Ìyá mi! Ìyá mi!

Mo dé òpin! Ipò kẹfà, nínú àwọn tó lé ní ogún! Lẹ́tà yín dé nígbà tí eré ku ọ̀la. Mo ká a, mo fi í sí àyà, abẹ́ aṣọ eré. Nígbà tó ku díẹ̀, ariwo kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ní ó ti tún dé. Mo pariwo pé, "Ìyá mi ti yọ́nú sí mi!" Wallahi, ariwo náà dákẹ́. Mọ́tò ń lọ ṣáá. Nígbà tí wọ́n ju àsíá yẹn lójú mi, mi ò tiẹ̀ mọ bí èèyàn ṣe ń dúró lẹ́yìn òpin eré, mo tún fi yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá Hálò fà mí jáde, ó gbé mi sókè. Ó wò mí lójú.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ọkàn mi tó yẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ìwé àdéhùn tuntun síwájú mi, ọlọ́dún mẹ́ta. Mọ́tò tuntun ni wọ́n ń rà, ó lágbára ju ògbólógbòó yẹn lọ fíìfíì. Mo ti fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kúrò nílùú ní ìgbà òtútù, torí ìgbà yẹn la máa dán mọ́tò náà wò. Mo mọ ohun tí mo búra. Mà á wá, ẹ sáà fún mi láyè. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ mi rí, láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí.

Ẹ wo fọ́tò yìí. Èmi ni mo wà láàárín. Ẹ yan másà o! Nísinsìnyí ẹ lè dá àwọn ará Zongo lóhùn pẹ̀lú òótọ́. Kẹ́ ẹ sì tún bu omi sẹ́nu fún mi, nítorí mọ́tò tuntun yìí, eré burúkú ló ń sá. Ẹ ní kó máa rìn. Ẹ ní kó má dúró rárá.

Ọmọ yín tó dé òpin,
Sùfíyánù

*

Moshie Zongo, Tamale
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì, 1990

Sùfíyánù Àkànbí,

Mo rí fọ́tò. Ẹ̀rín rẹ dà bíi ti bàbá rẹ. O ti rù.

Mi ò yan másà. Mo rẹ ìrẹsì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé e dé ibi ọlọ. Àwọn èèyàn rí i pé lẹ́tà dé, wọn kò rí másà. Wọ́n dúró dè é di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ìmáàmù bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n mú ọkàn le. Osman bọ́ fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́. Wọ́n rò pé o ti kú.

Mo ní, "Ọmọ mi kò kú. Ipò kẹfà ló gbà." Wọ́n wo ara wọn lójú. Kẹfà? Ìwọ tí o ti ń gbapò kìn-ín-ní láti ọjọ́ yìí? Wọ́n gbà pé ìbànújẹ́ ló ń sọ ọ́ lẹ́nu mi. Ní gbogbo ìgbà tí o ń ṣubú, wọ́n bá mi yọ̀. Ọjọ́ tí o wá dìde, wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀. Mi ò sì lè lé wọn, torí ẹkún ni mò ń sun nígbà tí wọ́n wọlé.

Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Àgbò yẹn ti tóbi, ó ti ń fi ìwo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Nímọ́tà ní ká tà á, mo ní kó fi í sílẹ̀.

O ní kí n bu omi sẹ́nu. Mo bù ú sẹ́nu lónìí, láti inú bútà aláwọ̀ ewé yẹn, lórí ẹní tí mo jókòó sí nígbà yẹn. Tí mo bá ní kí mọ́tò takú, mo ti ba àkọsílẹ̀ rẹ jẹ́, ojú á tún máa tì ọ́, o ò ní í wálé. Tí mo bá ní kó máa rìn, á máa rìn, wọn ò ní í jẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀, o ò ní í wálé. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run. Ìwọ tó o mọ ọ̀nà yẹn, èwo ni kí n bẹ̀?

Mo jókòó títí oòrùn fi bá mi lórí ẹní. Nígbà tó yá, mo gbé omi náà mì.

Ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù